Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra gírìlì onígáàsì sílé: ìtọ́sọ́nà fáwọn ará Ìbàdàn

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tẹ́ ẹ ń sin ẹja àrọ̀ àti adìyẹ, ẹ̀yin ìyá àti bàbá tẹ́ ẹ ń bọ́ ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ń kúrò nídìí àdògán bọ́ sídìí gírìlì onígáàsì torí èéfín èédú àti wàhálà àtidáná, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dé Dùgbẹ̀ tàbí Àléṣinlóyé, bó ṣe ń dán àti bó ṣe tóbi tó ni wọ́n máa ń wò, wọn kì í wo ibi tí gáàsì ń gbà wọnú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, ibẹ̀ náà ni owó ti máa ń ṣòfò.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó máa dúró sí

Kẹ́ ẹ tó mówó jáde, ẹ lọ wo ẹ̀yìnkùlé yín ná. Ìta gbangba nìkan ni wọ́n ṣe gírìlì yìí fún, kì í ṣe kíṣìnì, kì í ṣe kọ́rídọ̀, kì í ṣe abẹ́ àtẹ̀gùn, kódà kẹ́ ẹ ṣí gbogbo wíńdò sílẹ̀. Tí iná bá ń jó níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti ráyè wọlé, ó lè tú afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide sílẹ̀, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, orí á kàn máa fọ́ èèyàn, oorun á máa kùn ún, ẹ̀mí sì lè bá a lọ. Gáàsì ìdáná fúnra ẹ̀ tún wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, tó bá jò kì í fò lọ sókè, ilẹ̀ ló máa ń sùn sí, á wá rọra wọ́ lọ sínú gọ́tà tàbí kòtò tó bá wà nítòsí. Torí náà ẹ gbé e jìnnà sí gọ́tà, sí kànga, sí jẹnẹrétọ̀, kó sì tó mítà kan ó kéré tán sí ògiri àti ohunkóhun tó lè gbiná. Ẹni tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Mọ́kọ́lá tàbí Òkè-Àdó tí ò ní ààyè kankan nísàlẹ̀, mi ò lè gbà á nímọ̀ràn láé pé kó rà á.

Sílíńdà tiwa àti gírìlì tòkunbọ̀

Ọ̀rọ̀ wà níbí o. Ẹ yí ẹ̀yìn gírìlì náà síwájú kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páànù kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ "Natural Gas" lẹ rí, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, bó ti wù kí owó ẹ̀ wálẹ̀ tó, torí gáàsì inú páìpù ni wọ́n ṣe ìyẹn fún, ihò tí gáàsì ń gbà jáde nínú ẹ̀ tóbi ju èyí tí gáàsì inú sílíńdà nílò lọ, tẹ́ ẹ bá so ó mọ́ sílíńdà, iná á máa ru sókè, á máa pọ́n, á máa yọ èéfín dúdú. "LPG" tàbí "Propane" lẹ ń wá, gáàsì inú sílíńdà nìyẹn.

Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá, régúlétọ̀ tó bá a wá kì í bá orí sílíńdà wa mu. Ẹ má gbé e lọ fún wẹ́dà pé kó bá yín ṣe ọgbọ́n sí i. Ẹ ra régúlétọ̀ ìdáná ilé tó bá orí sílíńdà yín mu, kẹ́ ẹ sì rí i pé nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ bá ti gírìlì mu: ti Amẹ́ríkà máa ń sún mọ́ 28 mbar (mbar ni wọ́n fi ń wọn agbára tí gáàsì fi ń tì jáde), ọ̀pọ̀ nínú ti Yúróòpù jẹ́ 30 tàbí 37, àmọ́ ti Jámánì sábà máa ń jẹ́ 50, ìyẹn ò bá 30 ṣe rárá. Régúlétọ̀ ńlá táwọn olóúnjẹ fi ń dáná àríyá, tí iná ẹ̀ máa ń hó yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbìyànjú ẹ̀ lórí gírìlì.

Họ́ọ̀sì náà, ti gáàsì ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe rọ́bà omi, kẹ́ ẹ sì fi kílíìpù dè é lójú méjèèjì. Eku ilé wa ò kọ rọ́bà jíjẹ, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ojú iná mélòó?

Méjì ó kéré tán. Ìdí ẹ̀ ni ẹja àrọ̀. Ẹja yẹn lọ́ràá, tẹ́ ẹ bá gbé e sórí iná tààrà, òróró á máa kán sínú iná, iná á máa fò sókè, ẹ̀yìn ẹ̀ á ti jóná nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára eegun ẹ̀yìn. Tójú iná bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ tan ẹyọ kan, ẹ tẹ́ ẹja sí apá kejì tí ò níná, ẹ dé e, ooru inú ẹ̀ ló máa sè é jinná wọ́ọ́rọ́wọ́, ìgbà tó bá kù díẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ̀ ọ́ lẹ wá gbé e sórí iná kó lè pọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni odindi adìyẹ, torí ẹ̀ ni ọmọrí gírìlì ṣe gbọ́dọ̀ ga dáadáa. Olójú kan ò lè ṣe èyí. Àgbàdo, bọ̀ọ̀lì àti sùyà ò lérò nínú, iná tààrà ti tó wọn.

Ẹ wo inú ẹ̀ bóyá páànù wà lórí ojú iná kọ̀ọ̀kan tí òróró á máa kán sí, àti àwo ọ̀rá nísàlẹ̀ tó ṣeé fà jáde. Ẹ máa da ọ̀rá yẹn nù lójoojúmọ́ tẹ́ ẹ bá yan nǹkan. Tó bá gbiná, ẹ má da omi sí i o, ẹ pa gáàsì láti orí sílíńdà, ẹ dé ọmọrí.

Ní ti bó ṣe ń jẹ gáàsì, kílò kan ní agbára tó tó 47,000 BTU (BTU ni wọ́n fi ń wọn ooru). Gírìlì tí wọ́n kọ 30,000 BTU sí, tẹ́ ẹ bá ṣí gbogbo ojú iná ẹ̀ tán, á jẹ nǹkan bíi kílò 0.64 ní wákàtí kan, ìyẹn ni pé sílíńdà 12.5kg á gbé e tó wákàtí 19, ti 6kg á tó bíi wákàtí 9. Ti 3kg kéré jù, tí gáàsì bá ń yára jáde nínú ẹ̀, á tutù nini, iná á sì rọ̀.

Irin ẹ̀

Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání, kódà ti inú sípíkà tó ti bàjẹ́. Stainless tó dáa jù, tí wọ́n ń pè ní 304, mágínẹ́ẹ̀tì kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ gírígírí yára dípẹtà ju ìyẹn lọ, òjò Ìbàdàn ò sì mọ̀ pé owó lẹ fi rà á, ẹ ra aṣọ ìbòrí kún un. Irin tẹ́ ẹ máa yan nǹkan lé, èyí tó nípọn ni kẹ́ ẹ mú, ó máa ń mú ooru dúró. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ nù ún, àlùbọ́sà tẹ́ ẹ là sí méjì ti tó, ẹ fi ra á nígbà tó bá gbóná, torí búrọ́ọ̀ṣì onírin máa ń já sára oúnjẹ.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ tan án

Ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, ẹ ṣí sílíńdà láì tan iná, ẹ fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé tí họ́ọ̀sì ti pàdé nǹkan. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ló ń jò. Gáàsì fúnra ẹ̀ ò ní òórùn, wọ́n fi òórùn burúkú yẹn sí i ká lè tètè mọ̀ ni, tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ pa á, ẹ kúrò níbẹ̀. Tí iná bá ju agbára yín lọ, 615 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ kọ ọ́ sára ògiri.

Ṣíṣí ni kẹ́ ẹ ṣí ọmọrí sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣáná, torí gáàsì tó bá kó jọ sábẹ́ ẹ̀ lè bú gbàù sí yín lójú. Tí ò bá tàn, ẹ pa á, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ tó tún gbìyànjú. Iná tó dáa, aró ni àwọ̀ ẹ̀. Tó bá pọ́n tó sì ń ṣe ségesège, pàápàá lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti gbé gírìlì pamọ́ fún ìgbà òjò, aláǹtakùn ló sábà máa ń takùn sínú páìpù ojú iná, ẹ yọ páìpù náà, ẹ ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ẹ gbọ̀n ọ́n nù kẹ́ ẹ tó tún tan án.