Bí A Ṣe Ń Mú Àlejò Wo Iṣẹ́ Ọnà: Ìtọ́sọ́nà fún Amọ̀nà, Olùbánisọ̀rọ̀ àti Olùkọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́ ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó ń ṣàfihàn iṣẹ́ ọnà máa ń pe ará ìlú síbi oríṣi ètò mẹ́ta: ọ̀rọ̀ ìtagbangba tí onímọ̀ kan yóò sọ, ìrìn tí amọ̀nà yóò fi kó àlejò ká inú gbọ̀ngàn, àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbi tí àlejò fúnra rẹ̀ yóò ti fi ọwọ́ ṣe nǹkan. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tí wọ́n bá fi irú ètò bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́ dì mú ni pé kí ojú àlejò ti ṣiṣẹ́ kí ẹnu amọ̀nà tó ṣiṣẹ́. Amọ̀nà tó bá ti sọ gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ère kan kí àlejò tó wò ó dáadáa ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ojú onítọ̀hún, ọ̀rọ̀ tí àlejò náà ìbá kà nínú ìwé nílé nìkan ni yóò sì gbé lọ.

Ìrìn amọ̀nà ni kí a kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí òun ló ṣòro jù, bó tilẹ̀ dà bí ẹni pé òun ló rọrùn jù. Fún wákàtí kan, iṣẹ́ ọnà márùn-ún tàbí mẹ́fà ti tó. Ẹni tó bá fẹ́ fi ogún hàn láàárín àkókò yẹn, eré ló ń bá àlejò sá. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ dá rin ojú ọ̀nà náà ní àkókò kan náà tí àlejò yóò dé, kí ẹ lè mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ti ń tàn sára gíláàsì débi pé a kò ní rí ohun tó wà nínú rẹ̀, ibi tí ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè dúró sí láì dí ẹlòmíràn lọ́nà, àti ibi tí àgbàlagbà lè fìdí lé. Mo ti kó ènìyàn bí ogójì wọ gbọ̀ngàn kékeré kan rí, nítorí ojú ń tì mí láti sọ pé wọ́n ti pọ̀ jù. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò rí nǹkan kan ju ìpàkọ́ àwọn tó wà níwájú lọ, gèlè ìyá kan sì ni iṣẹ́ ọnà tí wọ́n wò jù lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà, bí àlejò bá ti ju ogún lọ, mo máa ń pín wọn sí ọ̀nà méjì.

Bí ilé náà bá ní iṣẹ́ ọnà ní ìta, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ètò tí gbogbo ènìyàn ń dé sí lásìkò ní ìlú wa. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Oníkan ní Èkó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1957, ère Anyanwu tí Ben Enwonwu fi idẹ ṣe ní 1954 sí 1955 wà ní ìta níwájú ilé. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó ń dìde bí ẹni pé inú ilẹ̀ ló ti ń hù jáde. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Ìgbò túmọ̀ sí ojú oòrùn, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ iyùn àti ohun tó dé sórí jẹ́ irú èyí tí a mọ̀ mọ́ ààfin Ẹdó. Ẹ lè lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìdí irú ère bẹ́ẹ̀, kí ẹ ní kí àlejò wò ó láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti ẹ̀yìn. Ẹni tó pẹ́ yóò bá yín níbẹ̀ láì pàdánù ohun púpọ̀, ẹni tó tètè dé yóò sì ti kọ́ bí a ṣe ń yí ère ká kó tó wọlé, nítorí púpọ̀ nínú wa, iwájú nìkan la máa ń wò, bí ẹni ń wo fọ́tò.

Bí ẹ bá dé ìdí iṣẹ́ kan nínú ilé, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ kọjú sí àwọn ènìyàn, kí ẹ sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú kan máa ń gùn lójú amọ̀nà ju bó ti gùn lójú àlejò lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n rí. Ohun tí wọ́n mọ̀ lè dúró dìgbà tó bá yá. Ẹ jẹ́ kí a fi ère ìbejì ṣe àpẹẹrẹ. Bí amọ̀nà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé Yorùbá máa ń gbẹ́ ère fún ìbejì tó bá kú, gbogbo ènìyàn á mi orí, wọ́n á sì ti máa wo ibi tó kàn. Ṣùgbọ́n bó bá dákẹ́, ẹnì kan yóò ṣàkíyèsí pé ojú àti imú ère náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán nígbà tí ilà irun orí rẹ̀ ṣì hàn kedere, ẹlòmíràn yóò béèrè ìdí tí irun náà fi ní àwọ̀ aró, ẹlòmíràn yóò sì rí pupa tó wọ inú ọrùn àti àárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbà náà ni àlàyé tó ní ibi tí yóò bọ́ sí: pé ìyá ló ń wẹ̀ é, tó ń gbé oúnjẹ sí i lẹ́nu, tó ń fi osùn pa á lára, lọ́dún dé ọdún, títí ọwọ́ fi pa ojú náà rẹ́, pé ẹ̀lú tàbí búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun ni wọ́n ń fi sí irun rẹ̀. Kí ẹ sì rántí pé ìyá kan tó ti sin ọ̀kan nínú ìbejì rẹ̀ lè wà láàárín àwọn tó dúró níwájú yín. Ẹ má fi ère náà dápàárá.

Bó bá jẹ́ pé èdè Yorùbá lẹ fi ń ṣe ìrìn náà, ẹ múra sílẹ̀ fún àgbà tó mọ̀ jù yín lọ. Èrè ni èyí jẹ́. Màmá kan tí wọ́n bí sí agbo ilé aláró ní Abẹ́òkúta lè dárúkọ àrà ara aṣọ kan tí ìwé ara ògiri kàn pè ní àdìrẹ lásán. Ẹ fún wọn láyè, ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀, kí ẹ sì tún un sọ ketekete fún àwọn tó wà lẹ́yìn. Bí ọ̀rọ̀ bá wá ń gùn jù, a kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. "Ẹ ṣeun mà, ẹ jẹ́ kí a fi èyí tó kù dé ìdí aṣọ tó wà níwájú" máa ń ṣiṣẹ́, bí ẹ bá padà sọ́dọ̀ wọn lóòótọ́ nígbà tí ẹ bá débẹ̀. Àwọn kan sì wà, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí, tí wọn kì í fẹ́ sún mọ́ ohun òrìṣà. Ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ má sì torí tiwọn pe oṣé Ṣàngó ní ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Ẹ sọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe àti bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ. Kí ẹni tó bá fẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà dúró síbẹ̀.

Òfin pé kí a má fọwọ́ kan nǹkan kò ṣòro láti pa mọ́ bí a bá sọ ìdí rẹ̀. Iyọ̀ wà nínú òógùn ọwọ́, iyọ̀ a sì máa jẹ idẹ. Ìmọ́lẹ̀ a máa jẹ́ kí àwọ̀ aṣọ ṣá, ohun tó bá sì ti ṣá kò ṣeé dá padà, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kì í fi í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ orí aṣọ àti bébà ju 50 lux (òṣùwọ̀n tí a fi ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀) lọ. Ẹ sọ èyí lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn aṣọ, kí àwọn ènìyàn má baà rò pé iná ọba ló ń ṣe wàhálà.

Ní ti ọ̀rọ̀ ìtagbangba, ẹ bá olùbánisọ̀rọ̀ ṣàdéhùn pé ogójì ìṣẹ́jú ni tirẹ̀, kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sì jẹ́ ti ìbéèrè, kí ẹ sì rọ̀ ọ́ pé kó gbé gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ka orí iṣẹ́ kan tàbí méjì. Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ère gbígbẹ́ ní Èkìtì lè mú ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ní nǹkan bí 1910 sí 1914, tó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí. Ọba jókòó lára abala kan. Lára abala kejì, wọ́n gbé òyìnbó aláṣẹ bọ̀ wá kí i. Wọ́n kó ilẹ̀kùn náà lọ síbi àfihàn ńlá tó wáyé ní Wembley ní 1924. Ọba kò gbà láti tà á. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn fún ààfin. Ìtàn kan ṣoṣo yìí ti ní ọgbọ́n agbẹ́gilére, ìṣèlú ìgbà náà àti àríyànjiyàn lórí ẹni tó ni ohun ìní nínú, kò sì sí ìdí tí olùbánisọ̀rọ̀ yóò fi sáré kó ọgọ́rùn-ún àwòrán kọjá lójú àwọn ènìyàn. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938, síbẹ̀ ní 1988, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ki oríkì rẹ̀ fún olùwádìí kan, a sì ti inú oríkì yẹn mọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ní ìparí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè bóyá ọmọ agbo ilé agbẹ́gilére kan wà níjokòó tó lè ki bàbá rẹ̀. Bó bá wà, ẹ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un. Kí epo sì wà nínú jẹnẹrétọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jókòó.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọwọ́ ni owó àti àkókò ń bá lọ jù. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọnà tí wọ́n ṣe ní Òṣogbo láàárín 1962 sí 1964, ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n máa ń lò fún un, kì í ṣe wákàtí méjì, àwọn ayàwòrán bíi Twins Seven-Seven, Múráínà Oyèlámì àti Jimoh Buraimoh sì jáde láti ibẹ̀. Àwọn olùkọ́ fún wọn ní ohun èlò, wọn kò sì pàṣẹ ohun tí wọn yóò yà. Ẹni tó ní ọ̀sán kan péré gbọ́dọ̀ yan iṣẹ́ tó lè parí. Bí ó bá jẹ́ àdìrẹ, ẹ má mú ẹlẹ́kọ fún ọ̀sán kan: ẹ̀kọ láfún tí a fi ìyẹ́ adìẹ tàbí ọwọ̀ yà sórí aṣọ gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kí aṣọ tó wọ inú aró, bẹ́ẹ̀ ni òjò lè rọ̀. Oníko ni kí ẹ mú, èyí tí a ń fi ìko so. Ọmọdé lè so òṣùbàmbà, àrà òṣùpá ńlá, láàárín ogójì ìṣẹ́jú.

Ẹ wá aláró gidi, ẹ bá a sọ iye owó àti owó ọkọ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sì fi orúkọ rẹ̀ hàn bí ẹ ṣe ń fi orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n hàn. Ìkòkò aró ìbílẹ̀, tí a fi ẹ̀lú àti omi eérú rẹ, ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó pọ́n, nítorí náà ẹ jẹ́ kó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Bó bá jẹ́ kọ́sítíìkì sódà ni wọ́n lò, àgbàlagbà tó wọ ìbọ̀wọ́ nìkan ni kó máa rì í, kí àwọn ọmọdé sì dúró jìnnà. Kí aṣọ kankan tó wọ aró, ẹ fi òwú aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rán àmì sí igun rẹ̀, nítorí gbogbo aṣọ ló máa ń jọra lẹ́yìn aró, bíírò kì í sì í hàn mọ́. Ìgbà tí aṣọ bá jáde nínú aró, ẹ pe gbogbo ènìyàn sún mọ́ ọn: àwọ̀ ewéko ló máa ń mú jáde, afẹ́fẹ́ ló sì ń sọ ọ́ di aró lójú wọn. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n dá aṣọ náà fọ̀ nílé, kó má baà ta àwọ̀ sára aṣọ mìíràn.

Nígbà tí àwọn aṣọ bá ń gbẹ lórí okùn, ẹ má jẹ́ kí àlejò máa tú ká. Ẹ kó wọn padà sí ìdí àdìrẹ àtijọ́ tí wọ́n ti kọjá lára rẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ sì dákẹ́. Bó bá jẹ́ Ìbàdàndùn ni, àrà àdìrẹ tí wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn sí, wọ́n yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn òpó náà, ẹnì kan yóò sì béèrè iye ọjọ́ tí ìyá tó yà á fi jókòó.