Bí Ẹṣin Mi Ṣe Yéé Sá Lọ Bá Igi

Abo ẹṣin pupa tí mo ń gùn ní Kent níbí, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bó bá ti fojú kan igi tí a gbé dábùú ọ̀nà kó lè fò ó báyìí, ó parí. Á gbé orí sókè, á já ìjánu gbà mọ́ mi lọ́wọ́, á sì ki eré mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó fò kó tó débẹ̀ rárá, ọrùn rẹ̀ ni mo bá ara mi.

Mo rò pé kí n túbọ̀ fa ìjánu ni. Irọ́ ni: bí mo ṣe ń fà á ló ń sá. Mo ní kí wọ́n yẹ ẹ̀yìn, eyín àti gàárì rẹ̀ wò ná, torí ìrora náà máa ń lé ẹṣin sáré. Kò sí nǹkan kan.

Ni mo bá tẹ́ igi 4 sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹsẹ̀ bàtà 4½ láàárín ọ̀kan sí èkejì, a sì ń fi eré kúkúrú kọjá lórí wọn. Tó bá ti fẹ́ yára, mi ò fà á. A yí po ní òbìrìkítí títí ọrùn rẹ̀ á fi rọ̀. Ọjọ́ mìíràn, à ń yí ṣáá ni (ẹsẹ̀ tèmi gan-an ń gbọ̀n). Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 ni mo tó gbé igi 2 kọjá lórí ara wọn bí X tó rẹlẹ̀ kó lè fò ó, mo tẹ́ igi mìíràn sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 9 ṣáájú rẹ̀, kó lè mọ ibi tó ti máa gbéra. Tó bá fò tán, a dúró, mo tú ìjánu, mo fọwọ́ ra á lọ́rùn.

Lánàá, ó lọ bá a jẹ́jẹ́, etí kan níwájú, ìkejì sọ́dọ̀ mi.