Kí Ọfà Lè Lọ Tààrà: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ọdẹ Kétu Tó Ní Ọrun Oníkẹ̀kẹ́

Ẹni tó bá ní oko àgbàdo lójú ọ̀nà Ìlárà mọ ohun tí ọ̀yà lè ṣe láàárín òru kan. Á gé e nídìí, á jẹ díẹ̀, á fi ìyókù sílẹ̀ kó gbẹ. Bí a bá yin ìbọn ṣakabùlà sí i, ariwo rẹ̀ á lé àwọn tó kù wọ oko aládùúgbò, ìjà dé nìyẹn. Ìdí nìyí tí inú àwọn kan fi dùn nígbà tí ọmọ wọn mú ọrun oníkẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ìlú òyìnbó, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní arc à poulies. Wọ́n fà á, wọ́n tú u, ọfà sì gba ibi tó wù ú lọ. Àwọn ni mo kọ ìwé yìí fún.

Ní Kétu tí a ti ń ki Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, ọlọ́fà kan ṣoṣo, ìtìjú ni kí èèyàn ta ọfà mẹ́fà sí àpò àkísà tí a fi ń dánra wò kí ó má bá a.

Ará Amẹ́ríkà kan, Holless Wilbur Allen, ló gbé irú ọrun yìí kalẹ̀ ní 1966. Kẹ̀kẹ́ kékeré méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ló ń gba ìwúwo lọ́wọ́ wa. Ọrun tí fífà rẹ̀ tó 27 kìló, tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dín ìwúwo kù ní 80 nínú 100, kò ní wúwo ju nǹkan bíi kìló márùn-ún àbọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti fà á dé òpin. Ẹ lè dúró kí ẹ fojú sun ẹran dáadáa. Ṣùgbọ́n eré tí ọfà rẹ̀ ń sá pọ̀, àṣìṣe kékeré níbi tí a dúró sí a máa di ńlá níbi tí ẹran wà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò ju ọ̀kan lọ: ẹ má fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ àfojúsùn, èyí tó wà lára ọrun tí a fi ń fojú sun ẹran, títí ọfà yóò fi máa jáde tààrà. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń yí. Èmi náà yí i.

Ọwọ́

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń ta ọfà sí ẹ̀gbẹ́ òsì àpò, tí mo ń yí abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́. Bí mo bá yí i lónìí tó bá a, tó bá di ọ̀la, ó ti tún ṣìnà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó máa ń jókòó lẹ́yìn mi lábẹ́ igi máńgòrò ló sọ ọ́ jáde: "Bọ̀dá, orí ọrun yín ń yí bí ẹ bá tú u." Òótọ́ ni. Mo di ọrun mú bí ẹni di ọkọ́ mú. Bí mo ṣe ń fún un lọ́wọ́ ni mo ń yí i, ọfà sì ń bá a yí.

Ọrun kì í ṣe ohun tí a ń dì mú. Ẹ jẹ́ kí ó fara ti ẹran ìdí àtàǹpàkò, kí àwọn ìka yòókù máa rọ̀ sílẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín pé yóò já bọ́, ẹ fi okùn kékeré so ó mọ́ ọrùn ọwọ́. Ẹ ta ogún ọfà báyìí ní mítà márùn-ún péré, kí ẹ má fojú sun ohunkóhun, kí ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n lára.

Ọ̀pá ọfà

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà, nítorí ọ̀pá tó rọ̀ jù tàbí tó le jù fún ọrun kò ní lọ tààrà bó ti wù kí ọwọ́ mọ́ tó. Bí a bá tú ọsán, ìyẹn okùn ọrun, ọ̀pá máa ń tẹ̀, ó ń nà, ó tún ń tẹ̀, bí ẹja nínú omi. Ó yẹ kí títẹ̀ yẹn bá agbára ọrun mu.

Ẹ wo ara ọ̀pá, ẹ ó rí nọ́ńbà bíi 500, 400 tàbí 340. Bí wọ́n ṣe ń rí nọ́ńbà yìí ni pé wọ́n á gbé ọ̀pá lé ìtìlẹ́ méjì tó fi sàntímítà 71 jìnnà síra, wọ́n á so ìwúwo 880 gíráàmù mọ́ àárín rẹ̀, wọ́n á wá wọn bó ṣe tẹ̀ tó. Èyí tó bá tẹ̀ ní mílímítà 12.7 ni 500. Èyí tó tẹ̀ ní 10.2 ni 400. Nítorí náà, bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré ni ọ̀pá ń le. Àtẹ tó sọ èyí tó bá ọrun yín mu sábà máa ń wà lára páálí ọ̀pá náà. Ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀pá tí ẹ bá gé kúrú ti le sí i, èyí tí ẹ bá fi orí tó wúwo sí ti rọ̀ sí i. Ẹni tó bá pààrọ̀ orí ọfà tí kò tún un dánwò ń wá ìjàngbọ̀n.

Ìwúwo ńkọ́? Fún ọrun 27 kìló, odidi ọfà pẹ̀lú orí àti ìyẹ́ kò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju 20 gíráàmù lọ. Ọfà tó fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ dà bí ìgbà tí a tú ọsán láìsí ọfà níbẹ̀, ìyẹn sì lè fọ́ ọrun mọ́ni lójú. Tèmi tó 28. Bí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n tó kéré tó bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ alágbẹ̀dẹ wúrà kó bá yín wọ̀n ọ́n.

Iwájú ọfà gbọ́dọ̀ wúwo díẹ̀ ju ìdí lọ. Ẹ gbé e lé ìka kan títí yóò fi dúró láìtẹ̀ síbì kan. Bí ọ̀pá bá gùn ní sàntímítà 72, àárín rẹ̀ ni 36. Bí ó bá dúró ní 44 láti ìdí, ó ti fi 8 kọjá àárín, ìyẹn bíi 11 nínú 100. Láàárín 10 sí 15 dára fún ọdẹ.

Ìwé tí ọfà ń ya

Ẹ fi igi mẹ́rin ṣe férémù, ẹ na ìwé ìròyìn sí i, ẹ gbé e sí mítà méjì níwájú yín, kí àpò tí ẹ fi àkísà kún wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ta ọfà gba inú ìwé kọjá. Bí ihò bá rí róbótó, tí ojú ìyẹ́ mẹ́ta yí i ká, ọfà ń lọ tààrà. Bí ìwé bá ya lọ sókè láti ibi tí orí gbà wọlé, ìdí ọfà ló ga: ẹ gbé ìjókòó ọfà, ibi tí ọ̀pá gbé lé lára ọrun, sókè díẹ̀, tàbí kí ẹ rẹ ibi tí ìdí ọfà ń gbá ọsán mú sílẹ̀. Bí ó bá ya lọ sísàlẹ̀, òdìkejì ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló ya sí, ẹ sún ìjókòó ọfà ní mílímítà kan péré, ẹ ta òmíràn. Bí yíya bá pọ̀ sí i, ẹ dá a padà síbi tó wà, kí ẹ sún un sí apá kejì.

Nígbà mìíràn ẹ ó sún un títí, kò ní yí padà. Ìyẹ́ ló ń kan ìjókòó ọfà nìyẹn. Ẹ fi àtíkè kun ìyẹ́, kí ẹ ta ọfà náà, kí ẹ wá wo ibi tí àtíkè ti fara gbá. Yíyí ìdí ọfà díẹ̀, kí ìyẹ́ lè gba ibòmíràn, a sábà máa tán an.

Orí abẹ

Orí abẹ ni orí ọfà ọdẹ tó ní abẹ lára. Ìyẹ́ tún ni abẹ náà jẹ́, iwájú ló kàn wà. Ó ń gba atẹ́gùn, ó sì ń darí ọfà, nítorí náà orí ṣóńṣó tí a fi ń dánra wò lè bá ojú àpò kí orí abẹ máa lọ síbòmíràn. Ẹ kọ́kọ́ gbé ṣóńṣó abẹ lé pákó tó dán, kí ẹ yí ọ̀pá bí ọmọdé ṣe ń yí òkòtó. Bí ọrùn rẹ̀ bá ń gbọ̀n, orí náà kò jókòó dáadáa. Ẹ tú u, ẹ nu ún, ẹ tún un fi sí.

Lẹ́yìn náà, ní mítà 18, ẹ ta mẹ́ta olórí ṣóńṣó àti mẹ́ta olórí abẹ. Bí abẹ bá lọ sí òsì àwọn yòókù, ẹ sún ìjókòó ọfà sí ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí àwọn méjèèjì bá ń wọ ojú kan náà ni ẹ tó lè fọwọ́ kan abẹ́rẹ́: bí gbogbo ọfà bá ń lọ sí òsì, abẹ́rẹ́ náà sí òsì. Abẹ máa ń gé àpò àkísà ya. Páálí tí a tò lé ara wọn, tí a fi okùn fún pọ̀, ló ń pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ fi ògiri Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu, dán ọfà wò o. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan.

Kí ẹ tó wọ igbó

Òfin 2002-16 ti 18 oṣù kẹwàá 2004 ló ń darí ọ̀rọ̀ ẹran ìgbẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹ béèrè lọ́dọ̀ àwọn Eaux et Forêts, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó igbó, ohun tí a lè pa àti ìwé àṣẹ tó yẹ. Ọfà tó ṣìnà lè kọjá 200 mítà, ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn ẹran. Ẹ má so ọrun mọ́ ẹ̀yìn zẹ́mì, ìyẹn ọ̀kadà, nínú oòrùn ọ̀sán, ooru ń mú ọsán gùn sí i, gbogbo ohun tí ẹ tò á sì yẹ̀. Ẹ má fi oró sí abẹ: ẹ̀jẹ̀ tí abẹ ń dà ló ń pa ẹran, ilé yín ló sì máa jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá ta ọ̀pá kábọ̀n, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ létí yín. Bí ó bá dún pátá, ẹ ṣẹ́ ẹ sọnù, nítorí ó lè fọ́ wọ inú ọwọ́ nígbà tí ẹ bá tún fà á. Tí ó bá sì fọ́ sínú ọ̀yà, fọ́nrán rẹ̀ dà bí ẹ̀gún dúdú tí ojú kì í tètè rí: ẹni tó ń pa ẹran gé ibẹ̀ kúrò dé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan yíká, kó sì sin ín kí ajá má jẹ ẹ́.