Bí Mo Ṣe Se Adìẹ Dúdú Àwọn Tausug

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí pyanggang lórí àwo, á rò pé ìkòkò ló jóná mọ́ ẹni tó sè é lọ́wọ́. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Oúnjẹ àwọn Tausug ni, àwọn Mùsùlùmí erékùṣù Sulu ní gúúsù Philippines, wọ́n sì máa ń gbé e kalẹ̀ fún àlejò níbi ìgbéyàwó àti lọ́jọ́ ọdún. Obìnrin ará ibẹ̀ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló kọ́ mi.

Ìdí àgbọn ni gbogbo iṣẹ́ wà. Mo fọ́ méjì. Mo rin ọ̀kan, mo fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ pò ó, mo fún un, mo sì sẹ́ ẹ. Èkejì ni mo là sí wẹ́wẹ́, tí mo tò sórí àwọ̀n irin lórí èédú. Òróró bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú iná, èéfín sọ, àwọn ará ilé ní ṣé kò tíì tó. Kò tíì tó! Kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú kò wúlò níbí. Ó gbọ́dọ̀ dúdú dénú. Àmọ́ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ti ń funfun, eérú ló ń dà yẹn, ẹ tètè gbé e kúrò.

Mo gún un nínú odó títí ó fi kúnná. Mo lọ àlùbọ́sà, ááyù, ata ilẹ̀, ata ilẹ̀ pupa, ewé tíì àti ata wẹ́wẹ́, mo sì po gbogbo rẹ̀ pọ̀. Irú èròjà dúdú yìí náà ni wọ́n fi ń se tiyula itum, ọbẹ̀ ẹran màlúù wọn.

Mo la adìẹ láyà, mo tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ láìgé e, mo fi iyọ̀ àti èròjà náà pa á lára. Ó wọ inú omi àgbọn tí mo fún sẹ́ lórí iná jẹ́jẹ́. Adìẹ ìbílẹ̀ ni kí ẹ lò. Ti òyìnbó á ti rọ̀ jù kí èròjà tó wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó jinná, mo gbé e padà sórí èédú, mo ń fi ọbẹ̀ rẹ̀ ra á lára bó ṣe ń gbẹ. Ọbẹ̀ tó kù, mo jẹ́ kó ki títí òróró fi léfòó, mo wá dà á lé e lórí.

Kò korò rárá. Èéfín ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu, kí adùn àgbọn tó tẹ̀ lé e. Ní tèmi o, ọbẹ̀ yẹn pẹ̀lú ìrẹsì funfun dùn ju adìẹ fúnra rẹ̀ lọ.