Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nípa ìjọba Amẹ́ríkà: má fi ojú Abùjá wo Washington

Níbikíbi tí Yorùbá bá ti ń jiyàn òṣèlú, ìbáà ṣe nídìí àtẹ fẹndọ̀ tí wọ́n ti ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́, ìbáà ṣe nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Houston, ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà kì í pẹ́ wọ̀ ọ́. Kò burú. Ọwọ́ wọn la ṣáà ti wo àwòkọ́ṣe ìjọba Ààrẹ tí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1979, nígbà tí a pa ti olórí ìjọba tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún wa tì. Ìjọra yẹn gan-an ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Wọ́n rí Ààrẹ, wọ́n rí gómìnà, wọ́n rí ilé aṣòfin méjì, wọ́n wá gbà pé bí tiwa ṣe ń rìn ni tiwọn náà ṣe ń rìn.

Gómìnà kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ Ààrẹ

Lọ́dún 2006, Ààrẹ Ọbásanjọ́ kéde ìjọba pàjáwìrì ní Èkìtì, ó sì rán ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì lọ jókòó sílé ìjọba ní Adó. Lọ́dún 2025, Ààrẹ Tinúbú ní kí gómìnà ìpínlẹ̀ Rivers, igbákejì rẹ̀ àti àwọn aṣòfin ibẹ̀ lọ rọ́ọ́kún nílé fún oṣù mẹ́fà. Bóyá òfin tiwa gbà á tàbí kò gbà á, ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ti Amẹ́ríkà ni mo ń sọ: kò sí ibì kankan nínú ìwé òfin wọn tí Ààrẹ ti lè yọ gómìnà tàbí kó ní kó lọ sinmi. Ẹ má ṣe máa dúró de ìgbà tí Washington yóò “pe gómìnà sí ìlà”.

Àwọn ìpínlẹ̀ ló ti wà kí ìjọba àpapọ̀ tó dé. Àwọn aṣojú wọn ló jókòó sí Philadelphia lọ́dún 1787 tí wọ́n kọ ìwé òfin náà, ohun tí wọ́n sì gbé lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́ kò ju ìwọ̀nba lọ. Àtúnṣe kẹwàá sí ìwé òfin náà, tó di òfin lọ́dún 1791, là á mọ́lẹ̀ pé agbára tí ìwé òfin kò bá fún ìjọba àpapọ̀, tí kò sì fi du àwọn ìpínlẹ̀, ọwọ́ ìpínlẹ̀ tàbí ọwọ́ aráàlú ló wà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kan ṣoṣo la ní, Abùjá ló sì wà. Ní Amẹ́ríkà, àwọn iléeṣẹ́ agbófinró tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún (18,000): ti ìlú, ti ìpínlẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀, pẹ̀lú ṣẹ́rífù tí aráàlú fi ìbò yàn ní ọ̀pọ̀ káúńtì. Bí ọlọ́pàá ìlú kan bá ṣìwà hù, méyọ̀ ìlú yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdájọ́ ikú: Texas ń pa apànìyàn, Michigan ti fagi lé e láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Orílẹ̀-èdè kan náà o! Ìdí nìyẹn tí ìdáríjì Ààrẹ kò fi lè tú ẹni tí ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ dá lẹ́bi sílẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí èèyàn ṣẹ̀ sí òfin ìjọba àpapọ̀ nìkan ni Ààrẹ lè darí jì.

Wọ́n fẹ̀sùn kàn án, wọn kò tíì lé e

Bí a bá gbọ́ nílé pé aṣòfin ti yọ gómìnà nípò, a mọ̀ pé ó ti ń di ẹrù nìyẹn. Ó ṣojú Ìbàdàn nínú oṣù kìíní ọdún 2006, nígbà tí wọ́n yọ Ládọjà, tó sì di oṣù kejìlá kí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ tó dá a padà. Ojú yìí náà ni ọ̀pọ̀ fi wo Trump lọ́dún 2019, nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn ìyọnípò kàn án. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń kí Mike Pence, igbákejì rẹ̀, kú oríire.

Ìgbésẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Ilé aṣojú-ṣòfin ló ń fẹ̀sùn kan Ààrẹ, ìbò tó pọ̀jù lásán sì tó. Lẹ́yìn náà ni ilé aṣòfin àgbà yóò jókòó bí ilé ẹjọ́, níbi tó ti gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta kí wọ́n tó lè lé e. Ìdá méjì nínú mẹ́ta yẹn ni akọ. Wọ́n fẹ̀sùn kan Andrew Johnson lọ́dún 1868, Bill Clinton lọ́dún 1998, Donald Trump lọ́dún 2019 àti 2021. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí wọ́n lé. Ti Johnson ló sún mọ́ ọn jù, ìbò kan péré ló yọ ọ́. Lọ́dún 2021, àwọn mẹ́tàdínlọ́gọ́ta (57) ló ní kí wọ́n dá Trump lẹ́bi, àwọn mẹ́tàlélógójì (43) ní rárá, kò sì tó.

Ààrẹ Nixon ńkọ́? Wọn kò fẹ̀sùn ìyọnípò kan Nixon o, bí a tilẹ̀ ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ nínú oṣù kẹjọ ọdún 1974, kí ilé aṣojú-ṣòfin tó dìbò lé e lórí.

Má ṣe ro gbogbo ìbò pọ̀

Lóru ọjọ́ ìdìbò, àwọn èèyàn wa á gbé ìwé àti bírò, wọn á máa ṣírò: ẹni yìí ti ní mílíọ̀nù báyìí, òun ló wọlé. Hillary Clinton fi nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ìbò ju Trump lọ lọ́dún 2016, Trump ló sì wọlé. Al Gore náà ju Bush lọ káàkiri orílẹ̀-èdè lọ́dún 2000, ṣùgbọ́n ìbò 537 tí Bush fi jù ú lọ ní Florida ló pinnu gbogbo rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye aṣojú olùdìbò tirẹ̀, àwọn tó ń dìbò yan Ààrẹ gan-an; iye wọn jẹ́ àpapọ̀ iye àwọn aṣòfin rẹ̀ nílé méjèèjì. California ní 54, Wyoming ní 3. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 538, ẹni tó bá kó 270 ló wọlé. Ẹni tó bá borí ní ìpínlẹ̀ kan ló ń kó gbogbo ti ibẹ̀ lọ, ìbáà ṣe ìbò kan ló fi borí, àyàfi ní Maine àti Nebraska tí wọ́n ti ń pín in.

Ẹ má sì wá INEC kiri. Kò sí. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣètò ìdìbò tirẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn tó ń kéde ẹni tó borí lóru ọjọ́ náà ń fojú díwọ̀n ni. Ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ilé aṣòfin méjèèjì, tó máa ń jókòó ka ìbò àwọn aṣojú wọ̀nyẹn.

Ààrẹ buwọ́ lùwé, ó tán?

Rárá. Lọ́dún 1952, Ààrẹ Truman pàṣẹ kí ìjọba gba àwọn iléeṣẹ́ irin lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n kí ìyanṣẹ́lódì má bàa ṣẹlẹ̀ lásìkò ogun Korea. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní kò tó bẹ́ẹ̀, ó sì dá wọn padà. Owó náà kò sí lọ́wọ́ Ààrẹ: bí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kò bá buwọ́ lu owó, ọ́fíìsì ìjọba á tì. Ọjọ́ márùndínlógójì (35) ló fi tì lápá kan láàárín ọdún 2018 sí 2019.

Ọ̀kan tó kéré rèé, mo kàn ń gbà á kọjá ni. Bí Facebook bá yọ ọ̀rọ̀ rẹ kúrò, má kígbe Àtúnṣe Kìíní, èyí tó dáàbò bo òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. “Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì” ni òfin yẹn fi bẹ̀rẹ̀; ìjọba ló so lọ́wọ́, kò so iléeṣẹ́ aládàáni.

Èyí tó lè lé ọ kúrò nílùú

Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún pẹ̀lú green card, ìyẹn ìwé ìgbélùú, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Àwọn àṣìṣe yòókù kò ju kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín lọ.

Òfin ọdún 1993 kan mú kí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wá gba ìwé ìwakọ̀ bóyá ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Òṣìṣẹ́ tó jókòó sí káńtà ń kánjú, ìlà wà lẹ́yìn rẹ, ojú ẹ̀rọ ní kí o tẹ “bẹ́ẹ̀ ni”. O tẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè tó kàn bi ọ́ bóyá ọmọ Amẹ́ríkà ni ọ́. O tún tẹ “bẹ́ẹ̀ ni”, nítorí o rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n pẹ̀lú ẹni tó ní ìwé ìgbélùú. Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, káàdì olùdìbò dé sínú àpótí lẹ́tà rẹ. Kò túmọ̀ sí pé òfin gbà ọ́ láàyè. Láti ọdún 1996, ẹ̀ṣẹ̀ tó ní ẹ̀wọ̀n nínú ni kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè dìbò yan Ààrẹ tàbí aṣòfin àpapọ̀, wọ́n sì lè torí rẹ̀ lé èèyàn padà sílé. Pípe ara ẹni ní ọmọ Amẹ́ríkà nígbà tí a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ lè ba ọ̀rọ̀ jẹ́, bí a kò bá tiẹ̀ dé ibùdó ìdìbò.

Ohun tó ń da àwọn ará Maryland rú ni pé àwọn ìlú kan níbẹ̀, bíi Takoma Park, gba àjòjì láyè láti dìbò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n méyọ̀ àti ìgbìmọ̀ ìlú nìkan ni wọ́n lè yàn. Wọn kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ka ti gómìnà, áńbọ̀sí ti Ààrẹ.

Nígbà tó bá yá tí o fẹ́ gba ìwé ọmọ-ìlú, fọ́ọ̀mù N-400 yóò bi ọ́ bóyá o ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò rí, bóyá o ti dìbò rí, àti bóyá o ti pe ara rẹ ní ọmọ Amẹ́ríkà rí. Bí o bá ti tẹ “bẹ́ẹ̀ ni” níbì kan sẹ́yìn, má ṣe jẹ́ kí bùrọ̀dá tó ń bá ará ìjọ kọ fọ́ọ̀mù sọ fún ọ pé kí o fi “rárá” sí i. Lọ rí agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìwọ̀lú kí o tó fi ìwé kankan ránṣẹ́.