Bí A Ṣe Ń Fi Abẹ́rẹ́ Etí Ran Ẹni Tó Ń Jáwọ́ Nínú Oògùn Olóró Lọ́wọ́

Bí ọmọ yín ní Ògbómọ̀ṣọ́ bá fẹ́ jáwọ́ nínú tramadol tàbí kodíìnì, ẹ kọ́kọ́ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, bóyá ní ilé ìwòsàn LAUTECH tàbí ti Bowen, nítorí àrànṣe lásán ni abẹ́rẹ́ etí, ìyẹn abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí kò ní oògùn nínú tí wọ́n ń gún sára etí (acupuncture), jẹ́, ìwádìí kò sì tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òun nìkan lè wo àìsàn yìí. Ti ọtí líle tilẹ̀ le jù: ẹni tí ó ti mọ́ lára kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì nílé, torí gìrì tí ó lè tẹ̀lé e lè pa á.

Ilé ìwòsàn Lincoln ní New York, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti sọ abẹ́rẹ́ etí di ohun tí wọ́n ń gún sí ojú ibi márùn-ún péré lára etí. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà yóò nu etí, yóò fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún àwọn ojú ibi náà, aláìsàn yóò sì jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 30 sí 45. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rí i pé ojú yín ni wọ́n ti tú abẹ́rẹ́ tuntun nínú ọ̀rá, nítorí kòkòrò HIV.

Lẹ́yìn náà, ẹ má fi ọmọ náà sílẹ̀ lóun nìkan. Bí ó bá tún padà lo ìwọ̀n àtijọ́, ara rẹ̀ kò ní lè gbà á mọ́.