Bí a ṣe ń gun snowboard alpin pẹ̀lú ẹbí: láti Àjàṣẹ́ dé òkè Alps

Ọ̀pọ̀ ilé ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ ló ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń gbé ilẹ̀ Faransé. Tí wọ́n bá ní ká wá kí àwọn ní oṣù kejì ọdún, àsìkò tí òjò dídì bo òkè Alps nìyẹn, àwọn ọmọ kì í sì í fẹ́ padà wálé láì fẹsẹ̀ kan òkè náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á ní snowboard làwọn fẹ́, pátákó kan ṣoṣo tí ẹsẹ̀ méjèèjì máa ń wà lórí rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ ni wọ́n ń wọ bàtà rírọ̀ sí, òun làwọn ọ̀dọ́ fi ń fò. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni snowboard alpin. Tóóró ni, ó le, bàtà líle la fi ń gùn ún, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju pé kó fi etí irin rẹ̀ gé òjò dídì, kó gba kọ́nà láì yọ̀.

Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ máa wẹ̀yìn wo ipa tí pátákó yín fi sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ilà tóóró kan tó wọlẹ̀ dáadáa, etí ló gé e. Tó bá fẹ̀, tó ha òjò dídì kúrò lójú ọ̀nà, a jẹ́ pé ẹ yọ̀ ni. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí, yálà irinṣẹ́ tàbí bí a ṣe ń kó ọmọ lọ, nítorí ilà tóóró yẹn ni.

Eré ìdílé sì ni eré yìí láti ìpìlẹ̀. Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1965 ni Sherman Poppen, ará Muskegon ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, so síkì méjì, pátákó tóóró tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pọ̀ kí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ lè dúró lórí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí òjò dídì. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ nǹkan náà ní Snurfer. Ọdún 1998, ní Nagano ní ilẹ̀ Japan, ni snowboard wọ Òlíńpíìkì.

Irinṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá

Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá dé ẹsẹ̀ òkè. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó ń yáni nǹkan níbẹ̀ kì í ní bàtà líle ti snowboard. Ẹ kọ̀wé sí wọn ṣáájú, tàbí kí ẹ bẹ ará ilé yín tó wà lọ́hùn-ún pé kó bá yín wá àlòkù. Àlòkù dára gan-an bí ẹ bá mọ ibi tí ojú yẹ kó wò.

Lára pátákó, ẹ fi ìka tọ́ etí irin láti imú dé ìdí. Kò gbọ́dọ̀ ya, kò sì gbọ́dọ̀ ti inú pátákó yọ. Ẹ wo ihò síkúrù tó wà láàárín. Bí ojú ibẹ̀ bá ń wú, ẹ fi sílẹ̀. Àwọn pátákó ìdíje gùn tó sẹ̀ǹtímítà 185, wọ́n sì fẹ́ eré àti àyè ńlá kí wọ́n tó yà. Kì í ṣe irú wọn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Àgbàlagbà tó wọ̀n tó kílò 70 lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 160 tàbí díẹ̀ lé e, kí àárín rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 22. Ẹ̀gbẹ́ pátákó máa ń tẹ̀ wọnú. Bí ẹ bá fa ìtẹ̀ yẹn títí ó fi di òbìrí, láti àárín òbìrí náà dé etí rẹ̀ kó jẹ́ mítà 10 sí 12. Wọ́n sábà máa ń kọ nọ́ńbà yìí sára pátákó. Bó bá ṣe kéré tó ni kọ́nà ṣe máa ń kéré tó, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kò sì ní láti sáré kó tó lè yà.

Bàtà ni kí ẹ náwó sí jù. Sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n fi ń wọn ìtóbi rẹ̀, nítorí náà ẹ fi gìgísẹ̀ ti ògiri, ẹ wọn ẹsẹ̀ yín nílé, kí ẹ fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́. Tí ẹ bá wọ̀ ọ́ tí ẹ nàró, ọmọ ìka ẹsẹ̀ yẹ kó kan iwájú díẹ̀. Tí ẹ bá tẹ orúnkún, kó fà sẹ́yìn. Gìgísẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbéra rárá, torí bó bá ń gbéra, ohun tí ẹsẹ̀ yín bá sọ kò ní dé etí pátákó. Ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, tó fẹ́lẹ́, ti tó. Ẹ ṣọ́ra fún bàtà tó ti pẹ́ jù: ike rẹ̀ máa ń gan pẹ̀lú ọdún, ó sì lè là lójijì lórí òkè. Lẹ́yìn bàtà náà, lókè ọrùn ẹsẹ̀, irin kan wà tó ń dá ìtẹ̀síwájú rẹ̀ dúró. Ẹ jẹ́ kí ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tẹ̀ síwájú ju ti ẹsẹ̀ iwájú lọ.

Ìdè tó ń di bàtà mú, irin àti ike pẹrẹsẹ ni. Ìgun tí a fi ń dè é, láti ìdábùú pátákó sí ìhà imú rẹ̀, máa ń wà láàárín dígírì 50 sí 65, kí ti iwájú fi nǹkan bíi 3 sí 5 ju ti ẹ̀yìn lọ. Ẹ má kàn há nọ́ńbà sórí. Ẹ gbé pátákó sórí tábìlì, ẹ ki bàtà sínú ìdè, ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó láti ìsàlẹ̀: bí imú bàtà tàbí gìgísẹ̀ bá yọ kọjá etí, ẹ yí ìgun náà pọ̀ sí i títí kò fi ní yọ mọ́. Bàtà tó bá kan òjò dídì láàárín kọ́nà máa gbé etí kúrò nílẹ̀, ẹni tó wà lórí rẹ̀ á sì ṣubú kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àlàfo láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì kó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45 sí 50. Ẹ mú irin tí a fi ń yí síkúrù dání, ẹ sì máa fún un ní àràárọ̀.

Ní ti àwọn ọmọ, mi ò gbà pé kí a fi dandan wọ bàtà líle fún wọn. Ẹsẹ̀ wọn kéré, egungun wọn ṣì ń dàgbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi pátákó àti bàtà rírọ̀ bẹ̀rẹ̀, wọn á kọ́ etí lórí ìyẹn náà. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ni kásìkì, akoto tó ń dáàbò bo orí. Ní Ítálì, òfin ló sọ pé tọmọdé tàgbà gbọ́dọ̀ dé e. Ní Faransé òfin kò fi dandan lé e, ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí ni kí ẹ sọ ọ́ di òfin.

Aṣọ kò le. Ẹ rìn yí ká ọjà Wàǹdó ní Àjàṣẹ́, ẹ ó rí kóòtù àlòkù tó nípọn. Kí èyí tó kan ara má jẹ́ òwú, torí òwú máa ń mu òógùn, á sì di tútù. Kí èyí tó wà lókè pátápátá má jẹ́ kí omi wọlé. Ẹ má sì rò pé awọ dúdú kò nílò ìpara oòrùn: òjò dídì tuntun lè dá tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán tó ń jóni padà sí ojú. Awò tó bo ojú dáadáa ṣe pàtàkì fún tọmọdé tàgbà.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Àjàṣẹ́ tẹ́jú. Ará Ṣábẹ̀ ní àǹfààní tí àwa kò ní: kí wọ́n máa gun òkè àpáta ìlú wọn, kí wọ́n sì fara balẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, torí ìsọ̀kalẹ̀ gan-an ló ń mú itan le. Àwa tó kù, ká fẹ̀yìn ti ògiri, ká tẹ orúnkún títí itan yóò fi tẹ́jú, ká dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ká sinmi, ká tún un ṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò. Tí bàtà bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ máa wọ̀ ọ́ nínú ilé lálaalẹ́ kí ẹsẹ̀ lè mọ̀ ọ́n.

Nípa asuránsì, èyí tí wọ́n ń béèrè fún físà Schengen gbọ́dọ̀ tó 30.000 yúrò, ṣùgbọ́n ẹ ka inú rẹ̀ bóyá ó kan ìgbàlà lórí òkè. Bí kò bá kàn án, ẹ ra èyí tí wọ́n ń tà pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì òkè.

Bí etí ṣe ń gé

Àárọ̀ ni kí ẹ lọ. Lóru ni ẹ̀rọ máa ń tẹ́ písítì, ìyẹn ojú ọ̀nà tí wọ́n là sórí òkè fún eré yìí, ilẹ̀ á le, á sì dán. Tó bá di ọ̀sán, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn á ti hú u. Ẹni tó bá balẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹbí ní Grenoble lè lọ sí Chamrousse, nǹkan bíi kìlómítà 30 sí ìlú náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sáré síkì alpin ti Òlíńpíìkì ọdún 1968. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ bí písítì ṣe le tó ní Faransé, láti èyí tó rọrùn jù dé èyí tó le jù: àwọ̀ ewé, búlúù, pupa, dúdú. Ewé tó fẹ̀ ni tiyín.

Kí ẹ tó kọ́ gígé, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìdúró. Ẹ yí pátákó sí ìdábùú òkè, ẹ fi etí òkè ha ilẹ̀ títí ẹ ó fi dúró. Bẹ́ẹ̀ ni, yíyọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n òun ni bíréèkì yín. Ẹni tí kò bá lè fi í dúró níbi tó bá wù ú, kò tíì tó gé kọ́nà.

Lẹ́yìn ìyẹn, kọ́nà kan ṣoṣo ni kí ẹ máa ṣe. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ písítì, ẹ wo òkè pé ẹnikẹ́ni kò bọ̀. Ẹ jẹ́ kí pátákó máa lọ ní ìdábùú, kí imú rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ díẹ̀. Ẹ tẹ ojúgun mọ́ ahọ́n bàtà, ẹ ti ìbàdí sí ìhà òkè, kí pátákó fẹ̀gbẹ́ dúró lórí etí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ má ṣe nǹkan kan mọ́. Ìtẹ̀ ẹ̀gbẹ́ pátákó á mú un yí fúnra rẹ̀, á padà gùn sí ìhà òkè, á sì dúró. Ẹ wẹ̀yìn wo ilà. Ibi tó bá ti fẹ̀ ni ẹ ti fi ẹsẹ̀ tì í. Ẹ tún un ṣe títí ilà yóò fi jẹ́ ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ti gìgísẹ̀ le jù. Kí àyà kọjú sí imú pátákó, kí ojú wo ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ rẹ ìdí sílẹ̀, ẹ fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè nínú bàtà, kí orúnkún ẹ̀yìn sún mọ́ ti iwájú. Ọ̀pọ̀ máa ń na ẹsẹ̀ gbọnrangandan níbí. Ohun tó ń mú kí pátákó máa gbọ̀n, kó sì yọ̀, nìyẹn. Ẹ tẹ orúnkún, ìgbọ̀n á dín.

Ẹni tó bá ti gun zẹ́mì, ọ̀kadà wa, wọ kọ́nà mọ̀ pé títẹ̀ ló ń mú un yà, kì í ṣe ọwọ́. Pátákó náà rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà: lórí pátákó, ìsàlẹ̀ ara ni kó tẹ̀, èjìká kò gbọ́dọ̀ bá a ṣubú lọ. Kí èjìká méjèèjì wà ní ìtẹ́jú pẹ̀lú ilẹ̀ bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ọ̀pọ̀ ń na ọwọ́ kan ilẹ̀ torí ó dára nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n bí èjìká bá ti lọ, ìwọ̀n ara kúrò lórí etí nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ rí i lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ wo fídíò Ester Ledecká, ará Czech, tó gba wúrà lórí síkì àti lórí snowboard ní Òlíńpíìkì kan náà ní ọdún 2018. Ìbàdí rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ gan-an, èjìká rẹ̀ á sì pa rọ́rọ́.

Nígbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti mọ́ ni kí ẹ tó so wọ́n pọ̀. Bí kọ́nà kan bá ti ń parí, ẹ jẹ́ kí pátákó gba abẹ́ yín kọjá, kí ẹ sì gbé e sórí etí kejì kí imú rẹ̀ tó dojú kọ ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó ti dojú kọ ìsàlẹ̀ ti pẹ́ jù. Eré á ti gba ọwọ́ rẹ̀. Bí eré bá pọ̀, ẹ jẹ́ kí kọ́nà náà gùn padà sókè ju tẹ́lẹ̀ lọ, òkè fúnra rẹ̀ á dín eré kù. Bí ẹ bá ń ṣubú, ẹ di ìkúùkù, ẹ fi apá gbà á. Ọwọ́ tí a tẹ́ sílẹ̀ ló ń ṣẹ́ lọ́rùn ọwọ́.

Ẹbí lórí písítì

Òfin mẹ́wàá ni FIS, àjọ àgbáyé fún síkì àti snowboard, ṣe fún gbogbo ẹni tó wà lórí písítì. Èyí tó wúlò jù fún wa: ẹni tó wà lókè ló gbọ́dọ̀ yẹra fún ẹni tó wà nísàlẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó ń gun alpin kò gbọ́dọ̀ gbára lé òfin yẹn nìkan. Kọ́nà wa máa ń gba gbogbo ìbú písítì, ó sì ń padà gùn sókè, ohun tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò retí. Ẹ yíjú wo ẹ̀yìn lórí èjìká kí ẹ tó wọ kọ́nà kọ̀ọ̀kan, pàápàá kọ́nà gìgísẹ̀ tí ẹ̀yìn yín kọ sí ìsàlẹ̀. Bí èrò bá pọ̀, ẹ dúró dìgbà tí wọ́n bá kọjá.

Kí àgbà kan ṣáájú, kí àgbà kejì wà lẹ́yìn gbogbo èèyàn, kí àwọn ọmọ wà láàárín. Ẹni tó wà lẹ́yìn ló lè rí ẹni tó bá ṣubú. Ẹ̀gbẹ́ písítì ni kí ẹ ti dúró dera yín, ibi tí ẹni tó ń bọ̀ láti òkè á ti rí yín, ẹ má dúró sábẹ́ gegele. Písítì tí ọmọ tó kéré jù lè gùn láìbẹ̀rù ni kí gbogbo ilé gùn. Èyí máa ń dun àwọn ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n orí písítì ewé gan-an ni ilà tóóró ti nira jù, torí kò sí eré tó máa gbé èèyàn. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti máa ka nọ́ńbà tó wà lára òpó ẹ̀gbẹ́ písítì. Bí ẹnì kan bá fara pa, nọ́ńbà yẹn àti orúkọ písítì ni kí ẹ sọ fún àwọn agbanilà, tàbí kí ẹ pe 112.

Ẹ fi ilà ṣeré. Kí bàbá kọ́kọ́ sọ̀, kí àwọn ọmọ tẹ̀ lé e, kí wọ́n máa wo ipa rẹ̀. Ọmọ tó bá pariwo pé «Bàbá, ẹ yọ̀ níbẹ̀ yẹn!» kò ṣàfojúdi, ojú rẹ̀ ti là sí iṣẹ́ náà ni. Ọmọ tó bá sì béèrè bóyá irú wa ń ṣe eré òtútù, ẹ sọ fún un nípa Simidele Adeagbo, tó fi àyà dubúlẹ̀ lórí skeleton, ohun ìgùn pẹlẹbẹ kan tó ń yọ̀ lórí yìnyín, tó sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà yìnyín fún Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì ọdún 2018.

Bí itan bá ti ń gbọ̀n, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá màmá àgbà níbi tó ti ń mu tíì. Ẹ má sọ pé «ẹ̀ẹ̀kan sí i».

Ìtọ́jú irinṣẹ́

Ní alaalẹ́, ẹ nu etí irin gbẹ, ẹ yọ inú bàtà síta kó gbẹ, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e sórí iná. Ẹ tọ́ etí wò. Bí kò bá ha èékánná yín mọ́, ẹ gbé e fún ẹni tó ń pọ́n ọn, torí etí tó kú kò lè mú ilẹ̀ líle. Tí ẹ bá fẹ́ gbé pátákó wá sí Àjàṣẹ́, ẹ rántí pé afẹ́fẹ́ ọ̀sà máa ń mú irin dípẹtà kíákíá. Ẹ yọ́ ìda sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó nípọn, kó bo etí irin méjèèjì, ẹ má ha á kúrò títí di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ ti ìkọ́ bàtà díẹ̀ kó má yí padà. Ẹ kó wọn sínú yàrá tó gbẹ, tí oòrùn kò dé, kí ẹ má sì gbé pátákó náà lé ilẹ̀ sìmẹ́ńtì.